Bẹ́líìtì Pupa Ara Ìṣó

Ní gbogbo Rámádánì ọdún yẹn, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ mi ń kú. Bí wọ́n bá ti yin àgbá ìṣínu, tí a bá ti fi dábínù sẹ́nu, tí ẹni tó ń pe ìrun lórí tẹlifíṣọ̀n bá ti dákẹ́, Bakíìtì á yọjú lórí pákó lára ilé gíga kan, á já bọ́ láti àjà karùn-ún, á kú. Èmi á sì máa bu ọbẹ̀ sáwo fún un níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ìpolówó ni. Àwọn tó ń ta símẹ́ǹtì ló sanwó rẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa ṣọ́ra. Ọkùnrin kan ń rẹ́ ògiri lọ́wọ́, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀. Bẹ́líìtì pupa tó yẹ kó so mọ́ ìbàdí rẹ̀ wà lára ìṣó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn búlúù kan. Ó bojú wo bẹ́líìtì náà, ó ní, “Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló kù,” ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Wọn ò jẹ́ kí a rí ibi tó bọ́ sí. Ọmọdébìnrin kan la máa rí, tó jókòó ti tábìlì ìṣínu, tí àwo bàbá rẹ̀ ṣófo níwájú rẹ̀. Ohùn kan á wá sọ pé, “Bẹ́líìtì rẹ ń dúró dè ọ́. Má gbàgbé rẹ̀.”

Gbogbo Káírò ló sunkún. Àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Ìmbábà sọ ọ́ di àṣà: bí ìyá wọn bá ní kí wọ́n wọlé, wọ́n á ní, “Ìṣẹ́jú márùn-ún péré!” wọ́n á sì ṣubú lulẹ̀. Màmá Zahíyà, arúgbó tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìrẹsì tí wọ́n dì sínú ewé wá fún Yàsíìn ọmọ wa, tó gbà pé ó ti di ọmọ òrukàn. Bakíìtì fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un. Màmá wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó ní, “Kí Ọlọ́hun tẹ́ ọ sí afẹ́fẹ́ rere, ọmọ mi. Gba àwo yìí fún ọmọ rẹ.” A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Lọ́jọ́ kejì, màmá tún gbé òmíràn wá.

Àmọ́ nínú gbogbo àwọn tó ń rẹ́ ilé ní ìlú yìí, Bakíìtì nìkan ni mo mọ̀ tí kì í gun òkè láìso ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti já bọ́ lójú rẹ̀ rí, ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ, bó bá rí ekòló, á sá. Kò sí kọngílá kankan tó fún un ní bẹ́líìtì rí. Okùn lásán ló ń rà, á so ó mọ́ ìbàdí, á so ó mọ́ òpó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní ewúrẹ́. Wọ́n á ní, “Ẹ so ó dáadáa o, kó má lọ jẹ ẹ̀fọ́ ẹlẹ́fọ̀ọ́.” Nígbà tí àwọn oníkámẹ́rà dé ibi iṣẹ́ wọn tí wọ́n ń wá ojú òṣìṣẹ́ gidi, ojú rẹ̀ ló wù wọ́n. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kó ṣe ni pé kó tú okùn yẹn kúrò, pé ó ń ba àwòrán jẹ́. Kò fẹ́ ṣe é. Èmi ni mo tì í. Mo fẹ́ kí àwọn ẹbí mi tó wà ní Sóhààgì rí ọkọ mi lórí tẹlifíṣọ̀n, òtítọ́ ibẹ̀ nìyẹn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìpolówó bẹ̀rẹ̀ tí fọ́máànù tó ń ṣiṣẹ́ fún Àlàájì Fíkírì, kọngílá tó ń gbà á síṣẹ́, fi sọ fún un pé, “Má bínú, Bakíìtì. Àwọn òṣìṣẹ́ ní àwọn ò lè bá òkú gun pákó kan náà.” Ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni, ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì wọn ò pè é, lọ́jọ́ kẹta wọn ò pè é. Àbúrò mi Ṣáhátà ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ọmọ tí a tọrọ ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn. Ọmọ mẹ́ta ni ìyá wa bí tó kú kó tó bí i, ìdí nìyẹn tó fi gbé e káàkiri ilé méje bíi alágbe, pé kí wọ́n ta òun lọ́rẹ, kí ikú lè rò pé ọmọ aláìní ni, kó má yà á wò. Ikú ò yà á wò fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún àwẹ̀, nígbà tó ku bíi wákàtí kan ó lé díẹ̀ sí ìṣínu, Ṣáhátà já bọ́ láti àjà kẹrin ilé kan ní ìlú tuntun tí wọ́n ń kọ́ sínú aṣálẹ̀. Orí yanrìn ló bọ́ sí. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó lajú, kò lè gbé ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ti ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Inṣiráà, ìyàwó Ṣáhátà, pè mí lórí fóònù láti ọsibítù. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, Àlàájì Fíkírì wá síbí lánàá. Ó gbé kunáfà wá, àwo ńlá.”

“Àkàrà olóyin tí Ṣáhátà ò lè jẹ. Kí ló tún gbé wá?”

“Ó mú ìwé kan wá. Ó ní ọ̀gbẹ́ni kan ń bọ̀ lónìí láti ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ó ní bí Ṣáhátà bá ti lè sọ òtítọ́ tó wà nínú ìwé yẹn fún un, kò sí wàhálà, òun Àlàájì á máa ṣe wá lóore.”

“Òtítọ́ wo ló wà nínú ìwé náà?”

“Pé ó gbàgbé bẹ́líìtì.”

Mo dìde dúró. Láti ìgbà yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò tún jókòó dáadáa mọ́.

“Ṣáhátà ti gbà bẹ́ẹ̀?”

“Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù. Ojoojúmọ́ ló ń bẹ̀ mí kí n foríjì òun.” Ó bú sẹ́kún. “Èmi náà sì ti bú u. Mo ní ṣé kò rí ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń fi hàn ni?”

Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Bí ìwé bá sọ pé pákó ló ṣẹ́, bí mo ṣe fura, pé wọn ò fún un ní nǹkan kan tí ó lè so mọ́ra, Ṣáhátà á máa gba owó ìtọ́jú lóṣooṣù títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bó bá sọ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ara rẹ̀, ó ku òun àti bẹ́ẹ̀dì, ó ku oore Àlàájì, oore sì lẹ́sẹ̀, ó máa ń rìn lọ. Ọjọ́ yẹn ni ọ́fíìsì máa ṣí kẹ́yìn kí wọ́n tó ti í fún ọdún ìtúnu. Ohun tí ọ̀gbẹ́ni yẹn bá kọ lọ́jọ́ náà ni wọ́n máa dì sínú fáìlì.

Mo kó sínú aṣọ, mo fa Bakíìtì lọ́wọ́. Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń jókòó sí lẹ́bàá títì láàárọ̀, tí àwọn kọngílá ti ń ṣà wọ́n, la kọ́kọ́ lọ. Mò ń wá Ṣáfíì, ẹni tó ń po símẹ́ǹtì fún Ṣáhátà lọ́jọ́ tó ṣubú. A bá a níbi tó gbé jókòó lórí korobá rẹ̀.

“Ṣáfíì, o wà níbẹ̀. Wá sọ ohun tí o rí.”

“Ìyá Yàsíìn, ọmọ mẹ́rin ló wà lọ́rùn mi. Mi ò rí nǹkan kan. Símẹ́ǹtì ni mò ń pò.”

“Etí rẹ náà ń po símẹ́ǹtì ni? O ò gbọ́ kí pákó dún?”

Kò wo ojú mi. “Nǹkan dún. Gbogbo nǹkan ló ń dún níbi iṣẹ́.” Ó wá gbójú sókè díẹ̀. “Ká má purọ́, Ìyá Yàsíìn, ṣé ó de bẹ́líìtì?”

“Bẹ́líìtì wo? O ti bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì. O ti rí bẹ́líìtì kankan níbẹ̀ rí?”

Ó họrí. Ó rò ó lóòótọ́, mo rí i lójú rẹ̀. “Ó yẹ kó wà níbì kan,” ló wí. “A máa ń rí i lórí tẹlifíṣọ̀n.”

Mo fẹ́ gbá a létí. Bakíìtì ló fà mí kúrò níbẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kì í sọ̀rọ̀, á kàn fà mí.

Nínú bọ́ọ̀sì kékeré tó gbé wa lọ sí ọsibítù, ooru mú, ọ̀fun ti gbẹ, gbogbo èèyàn ń kanra bí àwọn aláàwẹ̀ ṣe máa ń kanra lọ́sàn-án. Dẹ́rẹ́bà wo ojú Bakíìtì nínú dígí rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn, òkú ti wọ mọ́tò mi o. Ẹ má jẹ́ kó jókòó ti ilẹ̀kùn, ó lè tún já bọ́.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó wọ tàì wá bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ó ní ìpolówó yẹn ti la òun lójú, pé tẹ́lẹ̀, bí òṣìṣẹ́ bá ṣubú, òun á máa káàánú, òun á máa bi ara òun léèrè ohun tí kọngílá ṣe. Ó ní ní báyìí òun ti mọ̀ pé àwọn fúnra wọn ni. Ọ̀lẹ àti aláìgbọràn, kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ìwà wọn ràn wá.

“Alàgbà,” mo ní, “ta ló kọ́ ilé tí ẹ̀ ń gbé?”

“Kí nìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí?”

“Ẹ ti bi í léèrè rí bóyá wọ́n fún un ní bẹ́líìtì?”

“Ìyá yìí, àwẹ̀ ni mo wà o.”

“Èmi náà wà nínú àwẹ̀. Bí mi ò bá sí nínú rẹ̀ ni, ẹ̀ bá gbọ́ èyí tó kù.”

Bakíìtì fọwọ́ kàn mí léjìká. Mo yíjú sí fèrèsé. Bọ́ọ̀sì ò kúrò lójú kan. Mò ń wo oòrùn, mò ń ka ibùdókọ̀. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá, gbogbo ìlú sì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Nígbà tí a dé wọ́ọ̀dù, Àlàájì Fíkírì ti wà níbẹ̀, ó jókòó lórí àga kan ṣoṣo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: òun ló sanwó ọsibítù ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe èèyàn tó ń jágbe. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa wọni lára.

“Ìyá Yàsíìn, ẹ kú ìrìn. Ẹ kú oǹgbẹ,” ló wí. “Ohun tí Ọlọ́hun kọ la rí. Àbúrò yín ti gbà, ó ti foríti í. Ẹ má jẹ́ ká dá ọgbẹ́ sílẹ̀.”

“Ọgbẹ́ ti wà nílẹ̀, Àlàájì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà.”

Ṣáhátà na ọwọ́ sí mi. Ó ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bá Àlàájì jà. Èmi ni mo ṣe é. Mo ń kánjú kí n lè bá àwọn ọmọ ṣínu.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo rántí rẹ̀.”

Bó bá jẹ́ pé wọ́n fi owó tì í ni, mo mọ bí màá ṣe jà. Bó bá jẹ́ ẹ̀rù, mo mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ọmọ ìyá mi dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó gba ohun tó ń sọ gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé fèrèsé, láti fèrèsé dé bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà ló wà níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n kan sì wà lókè ògiri, tí wọ́n ti rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tó ku bíi ogójì ìṣẹ́jú sí ìṣínu, ọ̀gbẹ́ni ọ́fíìsì wọlé. Múníìr lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin onígíláàsì kan tí àárẹ̀ ti mú, fáìlì pọ̀ lábíyá rẹ̀. Ó rí Bakíìtì, ó dúró, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ṣé ìwọ kọ́ ni?” ló wí. Ó wá wo Ṣáhátà, ó mi orí. “Ẹ sì ń rí i lójoojúmọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ojoojúmọ́. Kí ni kí a tún ṣe fún yín?”

Ó dúró ti bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí fáìlì. Inṣiráà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

“Ṣáhátà, ó wà nínú ìwé tí kọngílá kọ pé o fi bẹ́líìtì rẹ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá.”

“Kò sẹ́ni tó fipá mú ọ sọ ọ́?”

“Rárá, ọ̀gá. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló kù.”

Ọ̀gbẹ́ni Múníìr bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Àlàájì ń fa tẹ̀sùbáà. Mo gbọ́ bí bírò ṣe ń ha lórí pépà, mo sì mọ̀ pé bí bírò yẹn bá dé ìsàlẹ̀ ìwé, ó tán fún àbúrò mi.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́,” mo ní. “Ẹ jẹ́ kí n bi í ní ìbéèrè kan.”

“Màmá, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń wádìí.”

“Mo mọ̀. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, ohun yòówù kó jẹ́. Bó bá tako wa, ẹ kọ ọ́ náà.”

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó mi orí pé kí n máa sọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ojú mi sún mọ́ ti Ṣáhátà bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé tó bá lá àlá burúkú. Lóòótọ́, mi ò mọ ohun tí mò ń wá. Mo kàn fẹ́ rí bẹ́líìtì yẹn pẹ̀lú ojú ara mi.

“Ọmọ ìyá mi, bẹ́líìtì tí o gbàgbé yẹn, irú àwọ̀ wo ló ní?”

“Pupa ni.”

“Ibo lo fi í sí?”

“Mo fi kọ́ ara ìṣó.”

“Ìṣó ibo?”

Ó di ojú láti wò ó dáadáa. “Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn,” ló wí. “Ilẹ̀kùn búlúù.”

Bàbá arúgbó tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tí wọ́n fi símẹ́ǹtì di egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣẹ́, dá sí i. “Ilẹ̀kùn inú ìpolówó nìyẹn,” ló wí.

Bírò Ọ̀gbẹ́ni Múníìr ti dúró. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó kọjú sí Àlàájì. “Ilé tí ó ti ṣubú yẹn, Àlàájì, ibo ni iṣẹ́ dé nínú rẹ̀?”

“A ń rẹ́ ìta rẹ̀ ni.”

“Ẹ ti gbé ilẹ̀kùn sí i?”

Ọmọ kékeré ní Ìmbábà mọ̀ pé a kì í gbé ilẹ̀kùn sí ilé tí a ò tíì rẹ́, ká má tíì sọ pé a kun ún. Símẹ́ǹtì á bà á jẹ́, olè á sì kó èyí tó kù.

“Ó lè jẹ́ ilé mìíràn ló ń rò,” Àlàájì wí. “Orí ló fi gbá nǹkan.”

“Orí ló fi gbá nǹkan,” Ọ̀gbẹ́ni Múníìr wí, “àmọ́ ẹ mú ìwé wá pé kó fọwọ́ sí i.”

Bakíìtì, tí kò tíì la ẹnu láti àárọ̀, ló wá sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ojú ń tì. “Èmi ni mo bá wọn gbé ilẹ̀kùn yẹn sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ọ̀gá. Àwọn oníkámẹ́rà ló gbé e wá. Wọ́n gbé bẹ́líìtì náà wá. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bá Àlàájì ṣiṣẹ́. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo tí mo rí níbẹ̀ nìyẹn, ọjọ́ kan ṣoṣo ló sì lò.”

Ṣáhátà ń wo ẹnu gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí i bó ṣe ń padà rìn nínú orí rẹ̀, tó ń wá ọ̀nà. Ẹ̀rù bà mí pé kò ní rí i.

“Ìyẹn ni pé,” ó ní, “kò sí bẹ́líìtì?”

“Kò sí.”

“Kí ni mo wá gbàgbé?”

“O ò gbàgbé nǹkan kan, ọmọ ìyá mi.”

Inṣiráà di ọwọ́ Ṣáhátà mú, ó fi lé ojú ara rẹ̀. Ìgbà tí Ṣáhátà sọ̀rọ̀, kì í ṣe ohùn ẹni tó ń tọrọ àforíjì mọ́, ohùn òṣìṣẹ́ tó ń sọ nípa irinṣẹ́ rẹ̀ ni.

“Pákó yẹn ní kókó láàárín,” ó ní. “Ó ti là láti ọjọ́ Sátidé. Mo fi han fọ́máànù. Ó ní kí n máa tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan títí òmíràn á fi dé. Mo sì ń tẹ ẹ̀gbẹ́ kan. Lọ́jọ́ yẹn mo gbé korobá símẹ́ǹtì dání, mo fẹ́ gbé e fún Ṣáfíì, mo tẹ àárín. Mo gbọ́ bó ṣe dún. Ṣáfíì náà gbọ́ ọ, nítorí ó pariwo orúkọ mi kó tó di pé mo bọ́.” Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ sí etí rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, èmi kọ́ ni mo ṣe é.”

“Ìwọ kọ́.”

“Mo ti ń bẹ Ọlọ́hun láti ọjọ́ yìí.”

Ọjọ́ méje gbáko láti ìgbà tó ti lajú ni ọmọ yìí fi dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ṣẹ́, tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó, lọ́wọ́ Ọlọ́hun, lọ́wọ́ ẹni tó fi pákó lílà síbẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Múníìr ya ojú ìwé tó ti kọ tẹ́lẹ̀, ó ká a, ó fi sápò. Ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kò sọ̀rọ̀ ìyànjú, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń bèèrè ọ̀rọ̀ pákó: ó fẹ̀ tó mélòó, ta ló mọ̀, ọjọ́ wo. Lẹ́yìn náà ló kà á sókè, Ṣáhátà sì fọwọ́ sí i. Ó ní òun á pe Ṣáfíì lẹ́yìn ọdún, ó sì gbọ́dọ̀ búra. Mi ò mọ̀ bóyá Ṣáfíì á sọ̀rọ̀, ẹni tó ní ọmọ mẹ́rin lọ́rùn. Àlàájì Fíkírì dìde, ó ní kí Ọlọ́hun gba àwẹ̀ wa, ó jáde. Ó gbàgbé àwo kunáfà rẹ̀ sórí fèrèsé.

Kò pẹ́ tí àgbá fi dún. Nọ́ọ̀sì kan fi ọ̀pá gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè kí a lè gbọ́ ìpè ìrun, ó pín omi dábínù fún gbogbo wa, fún Ọ̀gbẹ́ni Múníìr náà, tí kò rí ọ̀nà lọ sílé mọ́. Mo bu omi sí Ṣáhátà lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ìpè parí. Bakíìtì sì yọjú lórí ògiri.

Kò sẹ́ni tó rán wọn létí, ó ti mọ́ wọn lára. Nígbà tó wo bẹ́líìtì pupa yẹn, bàbá ẹlẹ́sẹ̀ símẹ́ǹtì bá a sọ ọ́, nọ́ọ̀sì bá a sọ ọ́, “Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló kù.” Mo fẹ́ ní kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n náà. Ṣáhátà gbé ọwọ́ sókè, kí n dúró. Ó ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Ojú rẹ̀ ò sí lára bẹ́líìtì, kò sí lára ilẹ̀kùn. Abẹ́ ẹsẹ̀ Bakíìtì ló ń wò.

“Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “pákó yẹn mà dára o.”

Bakíìtì fi ife rẹ̀ sílẹ̀. “Tuntun ni,” ló wí. “Mẹ́ta ni wọ́n kàn pọ̀ mọ́ra, wọ́n sì tẹ́ mátíràsì sísàlẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí nǹkan kan ṣe mí.”